Ojú mi ń ta lóru: ṣé ọmọ iṣẹ́ lè ní kí ọ̀gá ra gíláàsì jórinjórin?

Ọmọ_Ọ̀nà_Ọ̀dà | Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ iṣẹ́ jórinjórin ni mí ní Àkúrẹ́ níbí, lójú ọ̀nà Ọ̀dà. Mo ti lo ọdún méjì, ó ku ọdún kan kí n gba fíríìdọ̀mù.

Lánàá a ń ṣe géètì ńlá kan. Èmi ni mo di irin mú kí ọ̀gá lè jó o pọ̀. Ọ̀gá wọ akoto wọn tó ní gíláàsì dúdú, èmi kàn ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Kò sí ohun tó ṣe mí títí a fi palẹ̀ mọ́. Àfi bí mo ṣe ta jí ní nǹkan bí aago kan òru, tó dà bíi pé wọ́n po iyanrìn mọ́ ata gígún, wọ́n wá dà á sí mi lójú. Omi ń dà pòròpòrò, mi ò lè wo iná fóònù. Ìyá onílé wa ní kí n wá abiyamọ tó máa fún ọmú sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gé pòtétò tútù lé e. Mo ṣe ti pòtétò, mi ò rí ìyàtọ̀.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé ojú mi ti bàjẹ́ ni? Èkejì, báwo ni mo ṣe máa bá ọ̀gá sọ ọ́ tí wọn ò fi ní ní mo ti ń ṣe ju ara mi lọ? Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin la wà, akoto ẹyọ kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Àpọ́n_Olóyèmékùn | 8:52 alẹ́

O lọ dúró ti iná tó ju oòrùn lọ, o wá ń bi wá pé kí ló dé tí ojú ń ta. Pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pòtétò yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. O ò wá kúkú dín in?

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀wọ̀ | 9:31 alẹ́

Fọkàn balẹ̀, àbúrò mi. Iná jórinjórin ní ìmọ́lẹ̀ kan nínú tí ojú èèyàn kì í rí. Ó wà nínú oòrùn náà, ṣùgbọ́n tìrẹ sún mọ́ ọ, ó sì le. Òun ló sun awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo iwájú ẹyinjú, bí oòrùn ṣe ń sun àfín lára. Kì í dunni lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí mẹ́fà, nígbà mìíràn méjìlá, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òru lẹ máa ń ké. Ẹni tó di irin mú ló sábà máa ń kó o, nítorí ẹni tó ń jó irin ní tirẹ̀ ti bojú.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń san láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi tútù, dijú, kí o fi lé ìpéǹpéjú. Má fọwọ́ ra á. Dúró sínú òkùnkùn. Omi ọmú, kẹrosíìnì, omi ṣúgà, pòtétò, ẹ má fi ìkankan sójú, kòkòrò àìsàn lẹ máa fi kún un. Èyí tí mo tún ń bẹ̀rù ni òògùn olómi kan tí àwọn kan máa ń rà ní kẹ́mísìtì, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti kán an báyìí, ìrora pa rẹ́. Dókítà ló ń fi ìyẹn yẹ ojú wò. Bí o bá gbé e relé tí o ń kán an léraléra, kò ní jẹ́ kí ojú jinná, ìwọ náà ò sì ní mọ̀ títí yóò fi burú.

Bí ó bá kọjá ọjọ́ méjì, tàbí tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń ta bíi pé nǹkan há sí i, ilé ìwòsàn ni kó o gbà lọ. Ó lè jẹ́ èérún irin.

Bàbá_Jórin_Ìjòkà | 10:05 alẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Ó ti pé ọdún 31 tí mo ti ń jó irin. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí inú yín lè má dùn sí.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi gan-an kò ní akoto. Gíláàsì kan ló gé páálí yí ká, ọwọ́ òsì ló fi ń gbé e. Àwa ọmọ iṣẹ́, etí la fi ń jó irin. A ó dijú, a ó máa gbọ́ ọ. Bó bá ń dún bí àkàrà tó ń yí nínú epo, ó jó o re. Bó bá ń pariwo pàpàpà, a ti gbé ọwọ́ jìnnà jù. Nítorí náà, bí ọmọ ìsinyìí bá ní ojú ń ta òun, àánú kì í tètè ṣe mí.

Ṣùgbọ́n ojú òsì mi kò ríran dáadáa mọ́, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́fà. Dókítà kò sọ pé iná ló fà á. Kò sì sọ pé iná kọ́.

Ó dáa. Gíláàsì dúdú yẹn ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí igun rẹ̀. Fún iṣẹ́ ẹlẹ́kítíróòdù, ọ̀pá irin tí à ń fi iná mànàmáná jó, tí à ń ṣe yìí, 10 tàbí 11 ni. Èyí tí wọ́n fi ń gé irin pẹ̀lú gáàsì, nǹkan bíi 5 ni. Ẹni tó bá fi ìyẹn jó irin ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Gíláàsì oòrùn tí ẹ̀ ń wọ̀ lọ òde ìgbéyàwó kò débẹ̀ rárá, mo sì ń rí i lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ máa fi gíláàsì funfun síwájú dúdú, kí iná tó ń ta lè máa ba ìyẹn jẹ́ dípò èyí tó wọ́n. Gíláàsì yẹn lásán, láìsí akoto, owó rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ bíi mélòó kan lọ.

Ní ti ọ̀gá rẹ: má sọ ọ́ níwájú oníbàárà. Lọ bá wọn láàárọ̀ kùtù kí iṣẹ́ tó gbóná, dọ̀bálẹ̀, kí o sọ pé ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ fẹ́ dáwó ra gíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ èyí tó dára, kí wọ́n bá yín yàn án. Ọ̀gá tó bá lójútì kò ní jẹ́ kí ẹ dá owó yẹn.

Ọmọ_Ọ̀nà_Ọ̀dà | 10:20 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Tí ọ̀gá ò bá wá lójútì ńkọ́?

Bàbá_Jórin_Ìjòkà | 10:23 alẹ́

Ẹ dáwó náà. Ojú yín ni.

Gẹdú_Ọ̀rẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ pé ẹ wọ̀ ọ́, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó wọ̀ ọ́, tó sì kábàámọ̀.

Ilé ìlagi ni mo ti ń jẹun láti kékeré. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ gbọ́ pé ó yẹ kí a máa wọ ìbọ̀wọ́. Ó ra ti òwú, èyí tó nípọn, ó ní ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ. A dúpẹ́, a wọ̀ ọ́. Kò pé oṣù kan, mo ń ti plánkì sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń yí, fọ́nrán òwú kan ta jáde ní orí ìka. Eyín ayùn gbá a mú. Ká ní ọwọ́ lásán ni, bóyá ó máa bó mi lára kí n tó fà á padà. Ìbọ̀wọ́ yẹn ló wọ́ mi wọlé. Ìka méjì ló bá a lọ.

Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń yí, bóyá ayùn ni, bóyá ẹ̀rọ ìlu-ihò ni, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ sún mọ́ ọn. Ẹ má wọ òrùka, ẹ ká apá aṣọ, ẹ má jẹ́ kí ìgbànú tàbí ìborùn rọ̀ sílẹ̀. Igi ni kí ẹ fi ti igi. Ìbọ̀wọ́ wà fún ìgbà tí ẹ bá ń ru plánkì tí ẹ̀rọ sì ti kú. Ohun tó yẹ kí ọ̀gá yẹn fi owó rẹ̀ ṣe ni irin tí wọ́n fi ń bo ayùn. Ìyẹn ni a ti yọ sọnù láti ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé, nítorí pé ó ń dá iṣẹ́ dúró.

Ọmọ_Ọ̀nà_Ọ̀dà | 7:02 àárọ̀

Ha, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ fáílìn tiwa, èyí tí a fi ń lọ irin, náà kò ní ìbò mọ́. Ọ̀gá yọ ọ́ kí dísìkì ńlá lè wọ̀ ọ́.

Bàbá_Jórin_Ìjòkà | 7:30 àárọ̀

Kí lo sọ?

Gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀rọ fáílìn kékeré ń yí tó ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Dísìkì ńlá, ti íǹṣì 9, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bí 6,600. Bí ẹ bá fi ńlá sínú kékeré, ẹ ti fipá mú un yí ju agbára rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tó bá fọ́, kò ní fọ́ bí àwo. Àfọ́kù á fò bí ọta ìbọn, ìbò tí ẹ yọ yẹn ni ì bá sì gbà á. Ẹ tún wo ojú dísìkì, oṣù àti ọdún wà níbẹ̀ bíi ti búrẹ́dì; gọ́ọ̀mù tó di òkúta inú rẹ̀ pọ̀ ń gbó. Èyí tó bá ti rẹ omi, tàbí tó ti já lulẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Mo ti sìnkú nítorí èyí. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Àpọ́n_Olóyèmékùn | 7:41 àárọ̀

Ògún á ṣọ́ wa o.

Gẹdú_Ọ̀rẹ̀ | 7:44 àárọ̀

Ògún ló ni ayùn tó jẹ ìka mi náà, àbúrò. Bo ayùn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkúta | 11:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ìmọ̀ ìwakùsà ni mò ń kọ́ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí. Mo fẹ́ mẹ́nu ba eruku, nítorí òkúta pọ̀ láyìíká Àkúrẹ́, àwọn tó ń fọ́ ọ sì pọ̀.

Ìgbà tí wọ́n kó wa lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, hańkáṣíìfù ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ so mọ́mú. Eruku tó bo ìpéǹpéjú wọn funfun, tí wọ́n ń fi hàn wá, ìyẹn kọ́ ló ń pààyàn. Imú máa ń mú ìyẹn, èèyàn á fun ún dànù. Èyí tó kéré débi pé ojú kò rí i ló ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó, hańkáṣíìfù ò sì dá a dúró ju bí àwọ̀n ẹja ṣe ń dá omi dúró lọ. Òkúta tiwa ní silica, irú èyí tó wà nínú iyanrìn, nínú dáadáa. Àìsàn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní silicosis. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó jẹ yọ, kò sì ní òògùn tó ń wò ó sàn.

Ìbòmú tó tó iṣẹ́ náà ni irú èyí tí wọ́n kọ N95 sí, tó ń mú ó kéré tán 95 nínú 100 eruku wíníwíní yẹn. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ojú. Ẹ̀yin onírùngbọ̀n, ẹ forí jì mí, ẹ̀gbẹ́ irùngbọ̀n ni eruku máa ń gbà wọlé. Ìbòmú búlúù tó kù látìgbà kòrónà kì í ṣe ti eruku.

Àmọ́ kí n tó gbàgbé, omi dára ju ìbòmú lọ. Bí wọ́n bá ń wọ́n omi sí òkúta bó ṣe ń wọ ẹnu ẹ̀rọ, eruku náà kò ní gbéra púpọ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ohun tí èèyàn ń wọ̀ ló gbẹ̀yìn: kọ́kọ́ wò ó bóyá o lè mú ewu kúrò, bí kò bá ṣeé ṣe kí o bò ó tàbí kí o jìnnà sí i, kí o tó wá di ara rẹ ní ìhámọ́ra.

Wàrà agolo tí wọ́n ń mu nírọ̀lẹ́ "láti fọ eruku" kò débẹ̀ o. Ikùn ni wàrà ń lọ. Ẹ̀dọ̀fóró ni eruku lọ.

Bàbá_Jórin_Ìjòkà | 12:10 ọ̀sán

Ọmọ mi, fi wàrà sílẹ̀. Bí a bá jó páìpù gálfánáìsì tán, òun la máa ń mu kí ibà má baà dá wa wó.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀wọ̀ | 1:26 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu kan ibà yẹn. Ọ̀pọ̀ jórinjórin ló ń gba abẹ́rẹ́ ibà ẹ̀fọn nígbà tí kì í ṣe ibà ẹ̀fọn ló ń ṣe wọ́n. Èéfín síǹkì tó bo gálfánáìsì ló ń fà á. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, òtútù á mú yín, ara á gbóná, ẹnu á máa korò bí irin. Ọjọ́ kejì, ó ti lọ. Bí ẹ bá sinmi ní Sátidé àti Àìkú, ti ọjọ́ Ajé ló máa ń le jù, nítorí ara ti gbàgbé. Wàrà ò rí i ṣe. Ẹ kọ́kọ́ ha síǹkì ibi tí ẹ fẹ́ jó kúrò, ẹ jó o ní gbangba, kí afẹ́fẹ́ máa gbé èéfín kúrò lójú yín.

Ìyá_Kòkó_Ìdànrè | 8:15 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ẹ ò mẹ́nu kan àwa àgbẹ̀. Àbí ẹ rò pé inú oko kì í ṣe ibi iṣẹ́?

Lásìkò òjò báyìí, kòkó ń dúdú lórí igi, a ní láti fín òògùn sí i. Ẹ wo bó ṣe rí: ẹrù lítà 15 lẹ́yìn, ẹ ń gbójú sókè, igi ga jù yín lọ, ohun tí ẹ fín sókè ń kán padà sí yín lórí. Ọkọ mi ti fín kòkó láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Àwọn kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó wá, wọ́n fún wa ní aṣọ funfun kan tó bo gbogbo ara bíi ti ẹni tó fẹ́ lọ sí òṣùpá. Ẹ̀ẹ̀kan ló wọ̀ ọ́. Ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú nínú oko. Mo ń fi aṣọ náà bo kòkó tí mo bá sá báyìí.

Ohun tó wá ń bá wa ṣe ni pé kí a fín in ní kùtù, kí oòrùn tó mú. Ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn, ṣòkòtò, bàtà òjò, fìlà tó létí. Ṣòkòtò á wà lóde bàtà, kó má wọnú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òògùn á kún bàtà. Mo gé ọ̀rá kan, mo so ó mọ́ ọn lẹ́yìn lábẹ́ pọ́ǹpù, nítorí pọ́ǹpù wa ń jò. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti burú jù kì í ṣe inú oko. Ìgbà tí a bá ń po òògùn náà ni, tí ògidì rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa rí ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ lásán rò ó. Ẹ tún máa rí ẹni tó fi ẹnu fẹ́ ẹnu pọ́ǹpù nítorí pé ó dí! Ẹyọ ìgbálẹ̀ wà, ẹ ò lò ó.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé: ṣẹ́ẹ̀tì tó fi fín oògùn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ló máa ń fi kọ́. Ọmọ ọmọ mi máa ń sá lọ dì mọ́ ọn bó bá dé. Mo ti gbé ìyẹn kúrò. Ó ní agbada tirẹ̀, ó ní okùn tirẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó kọ́kọ́ ní mò ń yàn án lódì.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀wọ̀ | 9:02 alẹ́

Ìyá mi, ẹ ti kọ́ wa tán. Mo fẹ́ fi ẹyọ kan kún un, nítorí ó jọ iṣẹ́ wa. Ní Ọ̀wọ̀ níbí, ibà Lassa ń wá sọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún. Bí a bá fẹ́ wọlé tọ aláìsàn, a ó wọ aṣọ, ìbọ̀wọ́ méjì, ìbòmú, ìbòjú. Wíwọ̀ rẹ̀ ò le. Bíbọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń dán wa wò, tí ẹlòmíràn á dúró máa wò wá bí a ṣe ń bọ́ ọ, nítorí ojú òde aṣọ yẹn ti dọ̀tí, tí o bá sì fi ọwọ́ lásán kàn án, o ti kó o sílé.

Tiyín náà rí bẹ́ẹ̀. Kí bàbá fi ọṣẹ fọ ìbọ̀wọ́ kó ṣì wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n tó bọ́ ọ. Bó bá jẹ́ òkè ni wọ́n ń fín, kí ẹnu ìbọ̀wọ́ bo apá aṣọ, kí èyí tó ń ṣàn bọ̀ má baà wọnú ìbọ̀wọ́. Bó bá jẹ́ koríko nílẹ̀, apá aṣọ ni kó bo ìbọ̀wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ṣì ní paraquat nílé tí wọ́n fi ń pa koríko, NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ẹnu kan péré tó bá ṣèèṣì wọ ọ̀fun lè pààyàn, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Epo pupa kò rí i ṣe.

Bíríkìlà_Ọba_Ilé | 9:40 alẹ́

Ẹ má gbàgbé sìmẹ́ǹtì tútù. Mo kúnlẹ̀ sínú kọnkéré nígbà tí a ń da dẹ́kìn, n kò gbọ́ ìrora títí di ìrọ̀lẹ́. Awọ eékún mi bó, ó rí bí ẹni tí omi gbígbóná bó. Bàtà òjò tó ga, ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Bó bá ta sí yín lára, omi tó mọ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó mọ́ o, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń fọ ṣọ́bìrì.

Òṣìṣẹ́_Alágbàáka | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:30 àárọ̀

Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ìbéèrè tí ọmọ yìí fi ṣe àkọlé. Ta ló yẹ kó rà á? Ọ̀gá ni. Òfin ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Factories Act sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ìdáàbòbò àti ààbò ojú ní ilé iṣẹ́. Òfin owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, sì ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, kí wọ́n lè tọ́jú ẹni tó bá fara pa. Òfin yẹn ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ó ka alágbàṣe mọ́ ọn pẹ̀lú.

Bàbá_Jórin_Ìjòkà | 10:58 àárọ̀

Òfin dára. Ẹni kan ṣoṣo tó ti wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ọ̀dọ̀ ìjọba lọ́dún yìí, owó orí ló wá gbà.

Gẹdú_Ọ̀rẹ̀ | 11:03 àárọ̀

Bàbá ò purọ́. Nígbà tí ìka mi lọ, ọ̀gá san owó ilé ìwòsàn, ó fún mi ní àpò ìrẹsì kan. Èmi gan-an ò mọ̀ pé òfin kankan wà. Ká ní mo mọ̀ ni.

Ọmọ_Ọ̀nà_Ọ̀dà | Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, 7:19 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ojú mi ti dá, ọjọ́ kejì ló ti lọ bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ.

Mo bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí bàbá ṣe kọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní a fẹ́ dáwó. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ta ló rán ọ?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n dákẹ́. Lọ́sàn-án wọ́n gun ọ̀kadà lọ sọ́jà, wọ́n gbé gíláàsì mẹ́ta dé àti akoto kan. Wọn ò gba owó lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó bá fọ́ tirẹ̀ á ra òmíràn.

Nọ́ńbà 10 ni gbogbo wọn. Ọ̀gá ní kí n bi bàbá tó ń kọ̀wé láti Ìjòkà léèrè bóyá 10 tó, tàbí kí àwọn lọ wá 11. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe mọ̀ nípa yín o, bàbá. Mo rò pé wọ́n ń ka ibí yìí.

Bàbá_Jórin_Ìjòkà | 7:35 alẹ́

10 tó. Kí o bá mi kí ọ̀gá rẹ. Sọ fún wọn pé kí wọ́n dá ìbò ẹ̀rọ fáílìn yẹn padà.